Orí Kẹfà: Nígbà Tí Ilẹ̀ Bá Ń Gbé Táyà Mì

Ẹni tó bá ti kó kòkó tàbí ẹyìn jáde láti oko tó wà lẹ́yìn Ararọ̀mí-Obu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó, nínú oṣù kẹsàn-án kò nílò ìwé kó tó mọ̀ pé ilẹ̀ lè rọ̀. Ọlọ́kadà á sọ̀ kalẹ̀, á máa ti ọ̀kadà rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ẹni tó ni ẹrù á gbé àpò lé orí. Orí ìwé yìí wà fún ẹni tó ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó fẹ́ dáwó tún un ṣe, àti fún ẹni tí àgbàlá rẹ̀ máa ń di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ lọ́dọọdún. Kì í ṣe fún títì ọlọ́dà tí tírélà ń gbà. Iṣẹ́ ìyẹn ju agbára àdúgbò lọ.

Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó yìí kan náà ni Agbabu wà, níbi tí ọ̀dà ti ń sun jáde láti inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti wá ọ̀dà àti epo kiri ní ẹkùn yìí láti nǹkan bí 1907 títí ogun 1914 fi dá wọn dúró. Ọ̀dà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ẹrẹ̀ sì wà lórí ọ̀nà wa. Ẹnikẹ́ni má lọ bu ọ̀dà Agbabu wá da sórí ọ̀nà oko o. Ohun tí a lè lò sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a sì ń dà nù: àpò ìrẹsì, èèpo ẹ̀kùrọ́, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, táyà tó ti gbó, àti ẹ̀gbin funfun tí àwọn wẹ́dà ń dà sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọn ní Òrè.

Kí a tó dé orí ìyẹn, ẹ jẹ́ kí a gbà pé omi ni ọ̀tá. Ilẹ̀ kan náà tó gbé ọkọ̀ ẹyìn nínú oṣù kejì ni ọkọ̀ rì sí nínú oṣù keje, kò sì sí ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀. Omi ló wọ inú rẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá kó sórí ilẹ̀ tí omi kò rí ọ̀nà lọ níbẹ̀, ẹrẹ̀ náà ni yóò mu ún.

Mímọ ilẹ̀ tí ẹ ń bá jà

Apá òkè ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó jókòó lórí àpáta líle. Bí a bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ síhà Òkìtìpupa àti òkun, yanrìn àti amọ̀ tí omi ti kó jọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó gba ilẹ̀. Nítorí náà, láàárín oko kan ṣoṣo, ẹ lè bá ilẹ̀ pupa tó ní yangí ní orí òkè, amọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ bàtà ní ìdagẹ̀rẹ̀, àti ilẹ̀ dúdú àkùrọ̀ ní ìsàlẹ̀. Oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bá da sìmẹ́ǹtì sínú ilẹ̀ dúdú tí ewé jíjẹrà kún inú rẹ̀ ti da owó nù, torí pé àwọn èròjà inú ewé tó jẹrà kì í jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì dì dáadáa.

Ẹ bu ilẹ̀ díẹ̀ láti ìjìnlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ kan, kì í ṣe láti òkè pátápátá. Ẹ dà á sínú ike omi tó mọ́ gaara títí yóò fi dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ fi omi kún un, ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì mì í dáadáa. Yanrìn yóò rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Èyí tó kúnná jù ú lọ yóò tẹ̀ lé e láàárín wákàtí mélòó kan. Amọ̀ ni yóò kẹ́yìn, nígbà mìíràn ó di ọjọ́ kejì. Bí ìpele òkè bá nípọn, amọ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ tún fi omi díẹ̀ po ilẹ̀ náà, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ yí i lórí pákó bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ó bá tín-ín-rín tó mìlímítà 3 láì já, amọ̀ alágbára ni. Bí ó bá fọ́ kó tó dé ibẹ̀, yanrìn pọ̀ níbẹ̀, inú yín sì lè dùn.

Fún ìrọ̀ra rẹ̀, irin 12 mm tí àwọn bíríkìlà ń lò tó. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tì í wọlẹ̀ nígbà òjò, ní gbogbo ìṣísẹ̀ márùn-ún márùn-ún. Ibi tó bá ti wọlé ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ láìsí wàhálà, ẹ fi igi sàmì sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ óò rí i pé kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ló rọ̀. Ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń fa gbogbo ìyà náà, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ná owó yín sí. Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ ná owó gidi, ẹ gbé ilẹ̀ náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ìkọ́lé ní yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́, kí wọ́n wọn agbára rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CBR. Ìlànà ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ òde béèrè fún ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìpele ìsàlẹ̀ ọ̀nà, àti 80 fún ìpele tí ọ̀dà yóò jókòó lé. Ọ̀nà oko kò nílò 80, àmọ́ ó dára kí ẹ mọ ibi tí ẹ dúró sí.

Ẹ kọ́kọ́ lé omi

Ọkọ́ àti àdá ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Àárín ọ̀nà gbọ́dọ̀ ga ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ: fún ọ̀nà tó fẹ̀ tó mítà 3.5, kí àárín fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 9 ga ju etí lọ. Ẹ gbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ sì ya ẹnu rẹ̀ sínú igbó ní ibikíbi tí ilẹ̀ bá ti dagẹ̀rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọ̀nà. Gọ́tà tí kò ní ibi tó ń da omi sí, adágún ni.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í rántí ni oòrùn. Ní ẹkùn igbó wa yìí, láti igbó ọba Olúwa títí dé àwọn oko kòkó, ẹ̀ka igi a máa bo ọ̀nà mọ́lẹ̀, ilẹ̀ kì í sì í gbẹ títí òjò mìíràn yóò fi rọ̀. Ẹ gé àwọn ẹ̀ka tó bo ojú ọ̀nà, pàápàá ní ìhà tí oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé. Mo mọ̀ pé alágbàro kan lè sọ pé kòkó fẹ́ràn ibòji. Bẹ́ẹ̀ ni o, àmọ́ ọ̀nà kì í so kòkó.

Nígbà mìíràn, gọ́tà àti oòrùn á ti parí iṣẹ́ náà, ẹ kò sì ní nílò ìyókù orí yìí.

Àpò tí a ti jẹ ìrẹsì inú rẹ̀

Nínú gbogbo ọ̀nà tí mo mọ̀, èyí ni mo fẹ́ràn jù fún ojú ibi tí ọkọ̀ ti ń rì. Àwọn ará Japan ti ń lò ó láti ọjọ́ pípẹ́ láti fi dènà omíyalé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Makoto Kimura ti Yunifásítì Kyoto àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Community Road Empowerment, sọ ọ́ di iṣẹ́ àtúnṣe ọ̀nà oko. Wọ́n sì ti kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Kenya àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn láti máa fi ọwọ́ ara wọn ṣe é.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bí táyà bá tẹ ilẹ̀ rírọ̀, ilẹ̀ á sá lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ilẹ̀ náà bá wà nínú àpò, bí ó bá ti ń fẹ́ sá ni aṣọ àpò ń le, tó sì ń há a mọ́, bí ọ̀já ṣe ń há ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Bí ẹrù bá ṣe wúwo tó ni ìhámọ́ náà ṣe ń lágbára tó, títí dé ibi tí àpò lè fara dà.

Àpò ìrẹsì, àpò ajílẹ̀, àpò oúnjẹ adìẹ, gbogbo àpò oníke tí wọ́n hun ló dára, tí kò bá ti lu. Àpò sìmẹ́ǹtì oníwèé kò wúlò rárá. Ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ ẹrẹ̀ ojú ibẹ̀ kúrò títí dé ilẹ̀ tó le díẹ̀, tàbí kí kòtò náà jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ má ṣe rọ ẹrẹ̀ náà sínú àpò. Yanrìn, ilẹ̀ pupa tàbí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tí ẹ ti lù wẹ́wẹ́ ni kí ẹ rọ sí i. Ẹ fi korobá kan ṣe òṣùwọ̀n kí gbogbo àpò lè dọ́gba. Ẹ má rọ ọ́ kún. Àpò tó kún bámúbámú á yí bíi bọ́ọ̀lù, kì í jókòó. Ohun tí ẹ ń wá ni kí àpò náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti lù ú, tẹ́ pẹrẹsẹ bíi búlọ́ọ̀kù tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10. Fún àpò ìrẹsì ńlá, ó túmọ̀ sí pé kò ní tó ìdajì, ẹ óò sì ká ẹnu rẹ̀ sábẹ́. Fún àpò kékeré, ẹ fi okùn di ẹnu rẹ̀.

Ẹ tò wọ́n pọ̀ gbágbáágbá, kí ẹ fi igi ìlulẹ̀ lù wọ́n títí igi náà yóò fi máa ta padà. Ìpele kejì gbọ́dọ̀ jókòó lórí ojú ìpàdé ìpele àkọ́kọ́, bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù. Ìpele méjì ló sábà máa ń tó. Lẹ́yìn náà, kí ilẹ̀ pupa tàbí yangí bò ó tó sẹ̀ǹtímítà 10, ó kéré tán.

Ìbòrí yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Oòrùn ni ikú àpò oníke. Ẹ fi àpò ìrẹsì sílẹ̀ lórí òrùlé fún oṣù mélòó kan, ẹ óò rí i tó ń já wẹ́lẹwẹ̀lẹ lọ́wọ́ yín. Nínú ilẹ̀, níbi tí oòrùn kò dé, ó lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, bí òjò bá ti wọ́ ìbòrí yẹn lọ tí ẹ rí ojú àpò, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ bò ó padà.

Igi tí kò gbọdọ̀ gbẹ

Ní àkùrọ̀ gidi, níbi tí irin yín wọlé títí tí kò kan ohun tó le, àpò nìkan kò ní tó. Ibẹ̀ ni ọparun àti ọ̀pá ògùrọ̀ ti wúlò. Ẹ tò wọ́n ní ìbú ọ̀nà, ẹ tún to ìpele mìíràn lé e ní gígùn, ẹ fi okùn so wọ́n pọ̀, kí ẹ sì da ilẹ̀ pupa tó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan lé e lórí. Igi náà yóò pín ẹrù ọkọ̀ káàkiri, kò sì ní jẹ́ kí ilẹ̀ pupa yín rì sínú ẹrẹ̀.

Irú ọgbọ́n yìí ti gbé ọkọ̀ ojú irin pàápàá. Láti 1826 ni ẹnjiníà George Stephenson àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ń jà láti gba irà Chat Moss ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá fún ojú irin Liverpool sí Manchester. Gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń dà sí i ni ó ń gbé mì. Wọ́n fi ẹ̀ka igi àti ewéko ìgbẹ́ hun ẹní ńlá, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n sì to àwọn àgbá onígi àlòkù mọ́ ara wọn kí omi lè gba inú wọn jáde. Wọ́n ṣí ojú irin náà ní oṣù kẹsàn-án 1830, ọkọ̀ sì ń gba ibẹ̀ títí di òní.

Àmọ́ àdéhùn kan wà nínú iṣẹ́ yìí. Igi tí omi bò ní gbogbo ìgbà kì í jẹrà kíákíá, torí pé atẹ́gùn kò rí i. Igi tó ń tutù lónìí tó ń gbẹ lọ́la, ọdún mélòó kan ni ó ní, ikán sì lè má jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ibi tí omi máa ń dé nínú oṣù kejì, nígbà tí ẹ̀rùn mú gan-an. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni kí igi yín wà. Bí àkùrọ̀ yín bá máa ń gbẹ pátápátá nígbà ẹ̀rùn, ẹ padà sí orí àpò.

Èèpo ẹ̀kùrọ́ àti àwọn ẹ̀gbin yòókù

Èèpo ẹ̀kùrọ́ ni àwọn ìyá tó ń fọ́ ẹ̀kùrọ́ ti ń dà sójú ẹrẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé nípa rẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni. Ó le, ó pẹ́ kó tó jẹrà, omi sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Fún àgbàlá àti ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ẹ má wá nǹkan mìíràn. Fún ọkọ̀, ó ní àléébù méjì: ó fúyẹ́, tí àgbàrá fi lè kó o lọ, ojú rẹ̀ sì ń dán, kì í di ara wọn mú. Ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ pupa kí ẹ tó lù ú, á sì gbé kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Ẹ̀rún igi láti àwọn ilé ìlagi Òrè pọ̀ bíi yanrìn, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìyẹn gan-an ni ewu rẹ̀. Ní Òkò Bàbá ní Èkó, wọ́n ti fi ẹ̀rún igi àti ìdọ̀tí gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀sà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dẹ́kun rírọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹ̀rún náà ṣe ń jẹrà, iná sì lè máa jó nínú rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ẹ lò ó sábẹ́ adìẹ. Èèpo kòkó ńkọ́? Ó ń jẹrà láàárín oṣù díẹ̀, ó sì lè gbé àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú láti oko kan dé ìkejì. Rárá.

Táyà gbígbó dára fún etí ọ̀nà àti ẹ̀gbẹ́ afárá kékeré. Ẹ tò wọ́n, kí ẹ fi ilẹ̀ kún inú wọn, kí ẹ lù ú gidigidi, títí dé abẹ́ ètè táyà, kí omi má baà dúró níbẹ̀ kó di ilé ẹ̀fọn. Ẹ má lọ gé e wẹ́wẹ́ kó o jọ gègèrè. Ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Washington, láàárín 1995 sí 1996, ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ẹ̀rún táyà kún, tí ìpele rẹ̀ ju mítà 7 lọ, gbóná láti inú títí wọ́n fi gbiná. Ike omi àti náílọ̀n píọ́ wọ́tà tí a gé wẹ́wẹ́ pò mọ́ ilẹ̀ ni àwọn olùwádìí ń gbìyànjú rẹ̀ báyìí. Lójú tèmi, ọ̀nà oko wa kò nílò rẹ̀. Òjò yóò kó ẹ̀rún rẹ̀ sínú odò tí a ń mu.

Kábáìdì àwọn wẹ́dà

Òrè jẹ́ ìlú awakọ̀, ibi tí awakọ̀ bá sì pọ̀ sí ni wẹ́dà àti pánẹ́lì-bítà pọ̀ sí. Lẹ́yìn tí kábáìdì bá ti tú gáàsì rẹ̀ tán, ohun tó kù ni ẹ̀gbin funfun tó dà bí ẹ̀kọ tútù. Wọ́n ń dà á nù. Ẹ̀gbin yìí ni mo ń pè ní kábáìdì láti ibí lọ, kì í ṣe èyí tí kò tíì tú gáàsì rẹ̀. Láìmù ni, irú èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọ̀nà ń fowó rà láti fi wo ilẹ̀ amọ̀ sàn. Bí ó bá wọ inú amọ̀, láàárín ọjọ́ kan sí méjì, amọ̀ náà kò ní lẹ̀ mọ́ ọkọ́ mọ́, á máa fọ́ wẹ́wẹ́. Líle rẹ̀ wá ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá pò ó mọ́ eérú èèpo ẹ̀kùrọ́ tí iná jó di funfun-dúdú, ìdá kan kábáìdì sí ìdá méjì eérú, iṣẹ́ rẹ̀ tún ń dára sí i. Eérú nìkan, láìsí láìmù, kì í di nǹkan mú.

Ìwọ̀n ni wàhálà. Ẹ ṣe búlọ́ọ̀kù kékeré mẹ́rin láti inú ilẹ̀ yín: ọ̀kan láìsí kábáìdì gbígbẹ, ọ̀kan pẹ̀lú ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ilẹ̀ gbígbẹ, ọ̀kan pẹ̀lú 6, ọ̀kan pẹ̀lú 8. Ẹ fi náílọ̀n wé wọn fún ọjọ́ 7, kí ẹ sì rì wọ́n sínú omi di ọjọ́ kejì. Èyí tó kéré jù nínú àwọn tí kò tú ni kí ẹ lò.

Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó lọ tọrọ. Ọ̀nà tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní 3.5, tí ẹ fẹ́ tún ṣe dé sẹ̀ǹtímítà 15, jẹ́ mítà oníhà mẹ́ta 5.25. Ilẹ̀ pupa tí a lù dáadáa wúwo tó kílò 1,800 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 9,450. Ìdá 6 rẹ̀ jẹ́ kílò 567 kábáìdì gbígbẹ. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ yanrìn tàbí yangí, sìmẹ́ǹtì ló bá a mu ju láìmù lọ: ìdá 5 jẹ́ nǹkan bí àpò 9 àti ààbọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ lu ti sìmẹ́ǹtì tán láàárín wákàtí méjì lẹ́yìn tí omi bá kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àpò tútù tàbí imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, kí ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7, kí ọkọ̀ kankan má sì gbà á.

Kábáìdì ń jẹ ara. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà rọ́bà, ẹ dáàbò bo ojú. Èyí tó bá ṣì ń hó tàbí tó ń rùn kò tíì tán. Ẹ jẹ́ kó dúró síta, kí iná tàbí sìgá má sì sún mọ́ ọn. Ẹ má ṣe lò ó létí odò tàbí kànga, torí pé omi rẹ̀ lè pa ẹja.

Kò sí ọ̀kankan nínú ohun tó wà nínú orí yìí tí ẹ lè kọ́ ilé lé. Ìpìlẹ̀ ilé lórí àkùrọ̀, iṣẹ́ ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ COREN ni.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ ṣe é

Oṣù kìíní àti ìkejì, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ tí iṣẹ́ oko sì dẹwọ́. Kí ìpele kábáìdì ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán, kí òjò ńlá oṣù kẹrin tó dé. Ẹ ri igi méjì sí ẹnu ọ̀nà kí lọ́rì gẹdú má lè wọlé. Ọkọ̀ kan tó kó ìtì igi lè fọ́ ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ fi oṣù kan ṣe. Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, kí ẹnì kan fi ẹsẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà náà pẹ̀lú ọkọ́, kó ṣí ẹnu gọ́tà tí ewé ti dí, kó sì wo ibi tí omi dúró sí. Ẹ kó òkìtì yangí kan àti àpò bíi ogún sábẹ́ ibòji nítòsí ibẹ̀, kí ó má baà di pé ẹ ń wá ọkọ̀ tí yóò ru ilẹ̀ pupa wá nígbà tí ọ̀nà bá ti já.